Wárápá àti inú lọ́hùn-ún ọpọlọ

Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó dákẹ́ lójijì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ̀ ń jẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ń gbé itọ́ mì léraléra. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fa bọ́tìnì ẹ̀wù, ó fi í sílẹ̀, ó tún ń wá a kiri. Apá ọ̀tún ti le gbagidi, ọrùn ọwọ́ tẹ̀ wọnú, àwọn ìka nà lọ́nà tí ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í gbà nà án. Ó tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó mí kanlẹ̀, ó wò yíká, ó ní, "Kí la ń sọ lẹ́ẹ̀kan?" Kò ṣubú, kò gbọ̀n, ìfófòó kò yọ lẹ́nu rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó tì í ni yóò sọ pé ó ń ronú ni, tàbí pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Wárápá ló gbé e. Ọwọ́ méjèèjì náà sì ti sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà. Ọwọ́ tó ń fa bọ́tìnì sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ibi tí iná ti ràn nínú ọpọlọ, ìyẹn iná mànàmáná tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Apá tó le, òdìkejì rẹ̀ ni. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ẹ̀bátí òsì, ìyẹn apá ọpọlọ tó wà lẹ́bàá etí òsì, ni kí dókítà kọ́kọ́ fura sí. Ohun tó sì mú apá ọ̀tún le bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èèpo ọpọlọ tó ń darí ọwọ́. Iná ti rìn wọ inú lọ́hùn-ún, ó ti dé àwọn kókó tí wọ́n ń pè ní basal ganglia, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tún ìrìn àti ìdúró ara ṣe.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ wárápá, ojú wa kì í kúrò lára gbígbọ̀n àti ṣíṣubú. Àwọn tó kàwé pàápàá á ní iná ọpọlọ ló dàrú, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Èéṣe tí ẹ̀ta iná kan fi ń kú níbi tó ti ta, tí òmíràn sì ń gbé odidi èèyàn lọ? Èéṣe tí ẹnì kan fi ń mọ ohun tó ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹlòmíràn kì í rántí ohunkóhun? Kí ló ń pa iná náà nígbà tó bá yá? Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọ̀nyí wà, níbi tí ojú kò tó, tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí kì í sì í sábà dé. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ ìsàlẹ̀ yìí lè tọ́jú wárápá fún ọ̀pọ̀ ọdún kó máa fi oògùn tí kò yẹ pa á lára.

Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, John Hughlings Jackson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fara balẹ̀ wo àwọn aláìsàn tí gbígbọ̀n wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, tó ń gun apá lọ, tó ń dé ojú. Ó ní bí èèpo ọpọlọ ṣe pín ara sí ni ìrìn yẹn ń tẹ̀ lé, àti pé iná àpọ̀jù tó bú jáde lójijì láti ibì kan ló fà á. Ó jàre. Ṣùgbọ́n wárápá mìíràn wà tí kì í rìn báyẹn: apá méjèèjì ara ló ń mú lẹ́ẹ̀kan náà, iyè ẹni náà á sì ti lọ kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Wilder Penfield àti Herbert Jasper ní Montreal kọ ọ́ síwèé pé irú èyí ní láti máa ti àárín ọpọlọ wá, níbi tí okùn ti ń lọ sí apá méjèèjì. Àríyànjiyàn náà pẹ́: ṣé èèpo ni, àbí àárín? Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, tí mo gbà pé ó bá ẹ̀rí mu jù, ni pé òbìrí ni wọ́n jọ ń yí. Èèpo ń rán iná sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ń dá a padà, èyí tó bá padà ló sì ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà á tán tàbí á bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n wà. Èèpo ọpọlọ kò nípọn ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn okùn funfun tó ń jíṣẹ́ lọ tó ń jíṣẹ́ bọ̀. Ní àárín gbùngbùn, thalamus méjì jókòó ti ara wọn bí ẹyin ẹyẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3. Ohun tí à ń rí, ohun tí à ń gbọ́, ohun tí à ń fọwọ́ bà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó dé èèpo. Òórùn nìkan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú ẹ̀bátí kọ̀ọ̀kan ni hippocampus wà, tó ká bí ìwo àgbò, tí amygdala sì jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Lábẹ́ thalamus ni hypothalamus, tó ń darí ebi, òùngbẹ, ooru ara àti ìbàlágà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìdí ọpọlọ, tó so mọ́ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ibi tí èémí ti ń gba àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ thalamus, torí òun ló ń ṣe àwọn ọmọdé ní jàǹbá tí àwọn àgbà kì í rí. Irú wárápá kan wà tí mo máa pè ní adákẹ́; absence ni àwọn dókítà ń pè é. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 4 sí 10. Ọmọ ń kàwé, ó dúró lójú ọ̀rọ̀ kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ń bá ìwé rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ogún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Olùkọ́ á ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, wọ́n á máa bá a wí lórí ohun tí kò mọ̀ pé òun ṣe.

Ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ rèé. Awẹ́ tín-ínrín kan wé ara thalamus, wọ́n ń pè é ní reticular nucleus. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: láti máa pa thalamus lẹ́nu mọ́, èròjà GABA ló sì fi ń ṣe é. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ààbò. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì thalamus ní irú ilẹ̀kùn kan lára, ilẹ̀kùn kálísíọ̀mù irú T, tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà lójúfò, ilẹ̀kùn yìí ti há, kò ní ṣí. Àfi tí wọ́n bá tẹ sẹ́ẹ̀lì náà mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀, kó wà ní sẹpẹ́. Bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn bá wá ń fúyẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu, kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á yìn wàràwàrà ní àtẹ̀léra. Ariwo náà á dé èèpo ọpọlọ. Á sì tún ta awẹ́ tó wé e jí, awẹ́ á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn á tún wà ní sẹpẹ́. Bó ṣe ń yí nìyẹn, nǹkan bí ìgbà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí Gibbs, Davis àti Lennox rí ní 1935 lórí ìwé EEG, ẹ̀rọ tó ń ti awọ orí ka iná ọpọlọ, nìyẹn: ṣóńṣó kan, ìgbì kan, ṣóńṣó kan, ìgbì kan, ní apá méjèèjì orí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fiyè sí i: ìpanilẹ́numọ́ ló ń bí ariwo. Wárápá yìí kò sì dá ohun èlò tuntun kankan sílẹ̀. Awẹ́ kan náà àti ilẹ̀kùn kan náà ni ọpọlọ tó dá ṣáká ń lò láti fi hun ìgbì oorun lálaalẹ́. Ohun èlò oorun ni wárápá adákẹ́ ń yá lò lójú ọ̀sán.

Ibí yìí ni ìmọ̀ ìsàlẹ̀ ọpọlọ ti ń di ọ̀rọ̀ oògùn. Vigabatrin àti tiagabine ń fi kún agbára GABA. Wọ́n ń ran wárápá tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú adákẹ́ le sí i, torí pé bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bá ṣe jinlẹ̀ tó ni ilẹ̀kùn T ṣe ń wà ní sẹpẹ́ tó. Carbamazepine àti phenytoin náà lè mú un burú. Bí wọ́n bá fún ọmọ adákẹ́ ní carbamazepine, tí ìdákẹ́ rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i, ẹ má ṣe rò pé oògùn ló kéré. Oògùn tí kò bá a mu ni. Tí wọ́n bá fi kún un, ọ̀rọ̀ á tún bàjẹ́ sí i. Kí òbí má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o, torí ìdádúró òjijì lè gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Kí ó pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ethosuximide ló ń dí ilẹ̀kùn T. Nínú ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, tí wọ́n fi ọmọ 453 ṣe, ethosuximide àti valproate ṣiṣẹ́ ju lamotrigine lọ, ethosuximide kò sì da ìfiyèsí àwọn ọmọ rú tó valproate. Ohun kan ṣoṣo tí ethosuximide kì í ṣe ni pé kì í dá wárápá agbéniṣánlẹ̀ dúró. Ọmọ tó bá ní méjèèjì nílò oògùn mìíràn, bó bá sì jẹ́ ọmọbìnrin tó ń súnmọ́ ọjọ́ orí ìbímọ, kí wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó kọ valproate fún un, torí ó ń ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ adákẹ́ kò nira. Wọ́n á ní kí ọmọ jókòó, wọ́n á mú bébà kan sí iwájú ẹnu rẹ̀, wọ́n á ní kó máa mí kanlẹ̀ kó sì máa fẹ́ bébà náà láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 3. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò tíì lo oògùn ni yóò dákẹ́ kí àkókò tó pé: bébà á dúró jẹ́ẹ́, ojú á dúró. Ọmọ tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ sickle cell tàbí àrùn ọkàn kò gbọdọ̀ ṣe é, torí irú mímí bẹ́ẹ̀ ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ pọ̀.

Ṣé thalamus ló wá ń dá iná yìí? Ní 1946, Jasper àti Droogleever-Fortuyn fi iná ta àárín thalamus ológbò ní ìgbà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ṣóńṣó òun ìgbì sì jáde ní apá méjèèjì. Ìyẹn mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni orísun. Ní 2002, Meeren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands wo eku tí wárápá yìí jẹ́ àbímọ́ fún, wọ́n rí i pé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ojú kan lórí èèpo ọpọlọ tó ń gba ìròyìn láti ẹnu ló ń síwájú. Lẹ́yìn náà ni èèpo àti thalamus wá ń ti ara wọn. Èèpo ló ṣáná. Thalamus ló ń fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, torí ó fi hàn pé ẹni tó bá dá fífẹ́ yẹn dúró lè pa iná láì fọwọ́ kan ibi tó ti ràn.

"EEG rẹ dára." Gbólóhùn yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́nà. EEG lásán máa ń fi nǹkan bí wáyà 19 sí 21 lé awọ orí fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kí iná tó lè gba inú omi, agbárí àti awọ orí kọjá débi tí wáyà yóò fi mọ̀ ọ́n, èèpo ọpọlọ tó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 níbùú àti 3 lóròó ní láti yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Hippocampus jìn, ó sì ká, tó fi jẹ́ pé iná apá kan rẹ̀ ń pa ti apá kejì. Nǹkan lè máa jó níbẹ̀ kí ìwé EEG mọ́ lóló. Kódà láàárín àwọn tó ní wárápá dájúdájú, EEG àkọ́kọ́ kì í rí nǹkan kan lára nǹkan bí ìdajì wọn. Ohun tí ẹ lè béèrè ni pé kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn òru tí ẹ kò sùn tó, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ sùn lórí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì fi wáyà kún ìsàlẹ̀ ẹ̀bátí lápá méjèèjì.

MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, náà ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún orí fífọ́ lè gé àwòrán ní mìlímítà 5-5. Hippocampus tó rù á yọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Kí ẹ ní kí wọ́n lo ètò ti wárápá: àwòrán onímìlímítà 1 tó gba gbogbo orí, pẹ̀lú irú àwòrán MRI méjì mìíràn, FLAIR, àti T2 tí wọ́n gé ní ìdábùú òòró hippocampus fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ "wárápá, fura sí ẹ̀bátí" sórí ìwé ìbéèrè, ẹni tó ń ya àwòrán kò ní mọ̀. Nígbà tí gbogbo èyí kò bá tó, tí iṣẹ́ abẹ sì wà nílẹ̀, wọ́n á ti wáyà tó tín-ín ju mìlímítà 1 lọ wọ inú ọpọlọ gba ihò kéékèèké lára agbárí. Talairach àti Bancaud ló fi ìlànà yìí lélẹ̀ ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní Paris. Aláìsàn á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á dín oògùn rẹ̀ kù, wọ́n á sì dúró de wárápá.

Ní 1825, Bouchet àti Cazauvieilh, dókítà méjì ní ilẹ̀ Faransé, ṣí orí àwọn olówárápá tó ti kú, wọ́n rí hippocampus tó súnkì tó sì le. Ní 1880, Sommer ní Jámánì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ojú kan níbẹ̀ ló ń kú jù. Ojúbodè wà lẹ́nu hippocampus, dentate gyrus, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo ariwo wọlé. Nígbà tí àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń bá sọ̀rọ̀ bá kú, okùn wọn á hù padà, á wá sọ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ara wọn, oníbodè á wá máa pariwo mọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tí gìrì ibà mú fún ìgbà pípẹ́, ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè ní irú àpá yìí, kí wárápá sì yọjú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Gìrì kúkúrú tó wọ́pọ̀ kì í sábà fa á.

Àmì tó ń ṣáájú wárápá hippocampus ṣe kókó. Nǹkan kan á gbéra láti inú ikùn, á máa gòkè bọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Tàbí kí ibi tí èèyàn kò dé rí dà bí ibi tó ti wà rí. Tàbí kí òórùn kan tí ẹlòmíràn kò gbọ́ sọ sí i nímú. Tàbí ẹ̀rù, ẹ̀rù ńlá láìsí ìdí. Amygdala ni iná ti dé nìyẹn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ sì máa ń tijú láti sọ ọ́ fún dókítà, wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní orí àwọn dàrú. Ẹ sọ ọ́. Ó lè tọ́ka sí ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀.

Bí oògùn méjì tó yẹ, ní ìwọ̀n tó yẹ, bá kùnà, àǹfààní pé ẹ̀kẹta á dá wárápá dúró pátápátá kéré. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olówárápá ló wà nípò yìí, hippocampus tó ti ní àpá sì wà lára ohun tó ń fà á jù. Ní Kánádà, ìdánwò kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001 pín ènìyàn 80 sí méjì: lẹ́yìn ọdún kan, 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó yẹ kó gba iṣẹ́ abẹ ẹ̀bátí ni wárápá tó ń gba iyè lọ́wọ́ wọn kò gbé mọ́, nígbà tó jẹ́ 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà lórí oògùn. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń dámọ̀ràn iṣẹ́ abẹ yìí ní láti rántí Henry Molaison. Ní 1953, William Scoville, dókítà oníṣẹ́ abẹ, yọ apá ńlá nínú hippocampus rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Wárápá rẹ̀ dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi kú ní 2008, kò lè fi ohun tuntun sọ́kàn; ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ á di àjèjì sí i tó bá jáde tó tún wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe apá kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń dán ìrántí wò kí ọ̀bẹ tó kan orí.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú bí a ṣe ń wo ẹni tí iyè rẹ̀ lọ. Iná wà ní ẹ̀bátí kan péré, báwo ni gbogbo ọpọlọ ṣe sùn? Iṣẹ́ Hal Blumenfeld àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale ló là á yé wa jù. Bí iná bá ti hippocampus jáde, ó ń ta àwọn ibi kan nísàlẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pani lẹ́nu mọ́. Àwọn yẹn á wá pa agbára ìtají tó wà ní thalamus àti ìdí ọpọlọ. Èèpo ọpọlọ iwájú kì í wá jó bí ẹ̀bátí ṣe ń jó. Ìgbì wúwo, ìgbì jẹ́jẹ́, irú ti oorun àsùnwọra, ló ń jáde níbẹ̀. Ẹni yẹn kò gbọ́ yín, kò kọtí ikún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ wà ńbẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ ní kó gbé ọwọ́ sókè, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan fún un, bóyá "àwọ̀ ewé," kí ẹ bi í lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 bóyá ó rántí. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn wúlò fún dókítà ju "ó dákú" lọ.

Ẹ̀rín náà lè jẹ́ wárápá. Wọ́n lè bí ọmọ pẹ̀lú kókó kékeré kan lára hypothalamus, kì í ṣe jẹjẹrẹ, á sì máa rẹ́rìn-ín lójijì láìsí ìdùnnú lójú rẹ̀, lójoojúmọ́, nígbà mìíràn lójú oorun. Àwọn òbí á rò pé ọmọ aláyọ̀ ni. Ìbàlágà lè tètè dé bá a. Oògùn kì í sábà ràn án. Nígbà kan, EEG orí máa ń tọ́ka sí ẹ̀bátí, wọ́n á gé ẹ̀bátí, ẹ̀rín náà kò ní lọ. Ìgbà tí wọ́n ti wáyà bọ inú kókó náà fúnra rẹ̀ ní ọdún 1990 sí 1999 ni wọ́n rí i pé ibẹ̀ gan-an ni iná ń jó. Ní báyìí, wọ́n lè fi iná lésà sun ún láti inú, pẹ̀lú MRI tó ń ṣọ́ ọ.

Ìjánu pẹ̀lú wà nísàlẹ̀. Ní 1982, Iadarola àti Gale fi hàn nínú eku pé tí wọ́n bá fi oògùn pa substantia nigra, ọ̀kan lára àwọn kókó basal ganglia, lẹ́nu mọ́, gìrì tó yẹ kó mú eku náà kì í mú un. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ìsàlẹ̀ ọpọlọ, èyí ni a tíì lò kéré jù lórí ènìyàn.

Ìdí ọpọlọ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 àgbàlagbà olówárápá ló ń kú ikú òjijì lọ́dọọdún, láìsí omi tó gbé e, láìsí ìjàǹbá. Nínú àwọn tó kú nígbà tí ẹ̀rọ EEG ń ṣọ́ wọn ní ilé ìwòsàn, tí ìwádìí kan tó jáde ní 2013 kó jọ, bó ṣe ń lọ rèé: wárápá agbéniṣánlẹ̀ parí, ẹni náà ń mí wúkẹ́wúkẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ èémí dúró, ọkàn sì tẹ̀ lé e. Èémí ló kọ́kọ́ ń lọ. Wọ́n ti rí i pẹ̀lú pé tí wọ́n bá fi iná ta amygdala ènìyàn, mímí rẹ̀ lè dúró láì jẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ kò tíì tán nígbà tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ ojú rẹ̀ kúrò lára ìrọ̀rí, ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu, ẹ máa wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ títí á fi dá yín lóhùn. Ẹni tí wárápá agbéniṣánlẹ̀ ń gbé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún ló wà nínú ewu jù, pàápàá lóru.

Kí ẹ sì wo aago. Bí gbígbọ̀n bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ pe fún ìrànlọ́wọ́. Bó ṣe ń pẹ́ sí i, ibi tí GABA ń dì mú lára sẹ́ẹ̀lì ń wọnú lọ, diazepam tàbí midazolam tí ì bá pa iná náà ní ìṣẹ́jú 5 kò ní rí ibi dì mú tó bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30. Hippocampus àti ẹ̀yìn thalamus ni MRI sábà máa ń fi àbàjẹ́ rẹ̀ hàn.

Ní 1937, James Papez, onímọ̀ ọpọlọ kan, ya àyíká kan tó ti hippocampus lọ sí iwájú thalamus, tó sì tún padà. Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n wá lò. Wọ́n ń ti wáyà méjì bọ iwájú thalamus, ọ̀tún àti òsì, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n rì sábẹ́ awọ àyà. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi ènìyàn 110 ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, fóltì 5 ni wọ́n lò, ìgbà 145 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 1, ó ń sinmi fún 5. Lẹ́yìn oṣù 3, wárápá dín ní nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́, àti nǹkan bí 15 fún àwọn tí wọn kò tan tiwọn. Ní ọdún kejì ó di 56, ní ọdún karùn-ún ó di 69. Ẹni tó bá fi oṣù 3 dá ẹjọ́ ẹ̀rọ yìí, tó ní kí wọ́n yọ ọ́, kánjú jù. Oògùn kì í kúrò nílẹ̀ o. A ń lò wọ́n pọ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ojú tí wáyà ń lọ kéré, omi ọpọlọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè yẹ̀. Ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ìrántí àwọn kò mú mọ́, àwọn kan ń bá ìbànújẹ́ ọkàn jà, èyí sì ni kí ìdílé tètè sọ. Àwọn mìíràn ń ta jí lóru ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá tan, torí thalamus kan náà ló ń hun oorun. Fún wọn, dókítà á tẹ fóltì òru wálẹ̀, á fi ti ọ̀sán sílẹ̀ bó ṣe wà.